Ewé Ìwé Mẹ́ta Tó Pòórá Nílé Wa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òjò ṣe ń pariwo, ẹ má bi ará òkè. Orí òrùlé nìkan ni ará òkè ti ń gbọ́ òjò. Àwa tí wọ́n kọ́lé wa sórí òpó nínú omi ń gbọ́ ọ lókè, a tún ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀, lábẹ́ pákó tí a jókòó lé. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò rọ̀ bí ẹni pé ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, tàbí méjìlá bí ẹ bá gba ti Màámi gbọ́, torí Màámi kì í gbà pé ọmọ òun kéré sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn náà ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá níwájú ilé wa lẹ́ẹ̀mejì, tí ìgbì tó dá sílẹ̀ sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ wa kúrò lórí àtẹ̀gùn lọ pátápátá. Ìyá Àgbà dúró létí pákó, ó ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà àti ẹni tó ni ín títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Òyìnbó ò gbọ́ Ìlàjẹ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àwa la jẹ pupurú lásán láìsí ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà tí mo ń wí yìí ló bí bàbá mi, òun ló sì ni ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Bàbá ni wọ́n ń pè mọ́ ọn. Nílé yẹn, kò sí ẹni tó lè yọ́ rìn. Pákó kọ̀ọ̀kan ló ní igbe tirẹ̀, Ìyá Àgbà á sì wà lórí ẹní rẹ̀ nínú yàrá, á máa pe orúkọ ẹni tó ń kọjá láìyọjú. Láàárọ̀, ariwo àjẹ̀ lára ọkọ̀ ló ń jí wa, lẹ́yìn náà ikọ́ Bàbá, lẹ́yìn náà ohùn Màámi tó ń bi ẹja léèrè ìdí tí kò fi tètè gbẹ. Èmi ni mo ń fọ ìkòkò, èmi ni mo ń gbá pákó, èmi ni mo ń yí ẹja sáwá padà lórí ààrò kí apá kan má baà jóná. Èéfín sì ti fún mi ní omijé débi pé nígbà tí mo bá ń sunkún tòótọ́, kò sí ẹni tó ń dá mi lóhùn. Bí òjò bá dá àwọn ọkùnrin dúró sílé, wọ́n á kó àwọ̀n wọn sí apá kan gbọ̀ngàn, wọ́n á máa tún un ṣe. Àwọn obìnrin á kó koríko ẹní sí apá kejì, wọ́n á máa hun ún. Ẹní la máa ń kó lọ sọ́jà Igbókòdá lásìkò tí ẹja bá wọ́n, òfin tí Ìyá Àgbà sì ní lórí ẹní híhun ju ti ajẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó le jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká ẹní tí kò tíì hun tán. Bí o bá ká a, etí rẹ̀ tí o kò tíì dè á tú, koríko á ṣẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì di ohun ìdáná. Gbalaja ni ẹní tí a ń hun ń wà nílẹ̀ títí a ó fi de etí rẹ̀. Àwa ọmọdé a kàn máa fò ó kọjá ni.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí ẹní nílé wa ni Ìyàwó. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é náà nìyẹn, torí pé àbúrò bàbá mi, Búrọ̀dá Ayọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wálé ni láti Awóyè, létí òkun. Ó ti ní ọkọ rí níbẹ̀. Ọkọ náà lọ dẹ àwọ̀n lójú òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà. Wọn ò rí òun, wọn ò rí ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni àwọn ẹbí gbà pé kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ, ẹ̀yìn ògiri ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀. Á kí ọ, á dáhùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n bá ń ṣẹ̀fẹ̀, ó parí. Kò sì lè pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìyẹn ìbá jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ó fún mi lórúkọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tó dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi èédú kọ a, b, d sára òpó ilé, ó ní, "Akọ̀wé mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹnikẹ́ni kò tíì fi "ẹ" kí mi rí láyé mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ náà kò sì dí mi lọ́wọ́ láti kó o sínú wàhálà.

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, ti Tíṣà ni. Tíṣà ilé ìwé ìjọ wa jẹ́ ará òkè tí ẹ̀rù omi ń bà. Àwa ọmọ ilé ìwé la máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dúró níwájú pátákó, ẹsẹ̀ tiwa ló ń gbọ̀n. Ilé ìwé wa kò kọjá ìwé mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di Igbókòdá, ọmọ mẹ́ta péré sì ni Tíṣà lè mú lọ lọ́dún náà. Ó ti mú ọmọkùnrin méjì. Bàbá mi ti sọ tirẹ̀: òun ò ní lọ bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba ọmọbìnrin sílé ìwé, ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé, tó ní òun ń fẹ́ mi, òun ò ní lé e. Bí Tíṣà ò bá wá, kí n bá àbúrò Màámi lọ sí etí òkun, kí n lọ kọ́ òwò ẹja. Láti ìgbà tí mo ti lè dúró ni mo ti ń yí ẹja. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ kọ́ lára ẹja.

Nígbà tí sáà ìkẹyìn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Tíṣà ṣí àpótí ìwé rẹ̀ tó máa ń tì pa, ó mú ìwé kan jáde tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù, tí ọwọ́ àwọn tó ti kà á sì ti sọ etí rẹ̀ di dúdú. Ó ní, "Ẹbùn, kà á tán, kí o wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, kó má jẹ́ pé ẹnu lásán lo fi ń kàwé bí ayékòótọ́. Bí ohun tí o sọ bá yé mi, tí ìwé mi sì pé, màá lọ bá bàbá rẹ. Bí ewé kan bá fi dín, gbàgbé Igbókòdá. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìwé kan, n ò lè mú un lọ síbi tí ìwé pọ̀ sí." Mo fi ìborùn Màámi wé ìwé náà, mo gbé e mọ́ àyà, mo sì rìn lórí afárá pákó lọ sílé bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ló wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí àpànìyàn ti ń yọ àdá lójú ewé kìn-ín-ní. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, olówó kòkó, ń gbé létí adágún omi kan lókè lọ́hùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jà. Ọkọ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ojú omi wà létí omi, àjẹ̀ wà nínú rẹ̀, olówó kòkó ò sí. Aṣọ Àbẹ̀kẹ́ sì tutù, kò sì rántí ohun tó fi omi kàn án. Gbogbo ìwé náà kò ju pé obìnrin yìí ń tú inú ara rẹ̀ wò lọ, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn: ṣé èmi ni, àbí èmi kọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní ọ̀sán ọjọ́ òjò kan kí oorun má baà gbé mi lọ. Kí n tó dé ojú ewé kẹta, àwọ̀n ti dúró lọ́wọ́ Bàbá, koríko ti dúró lọ́wọ́ Màámi, Ìyá Àgbà sì ti jáde láti inú yàrá.

Nítorí pé "èmi, èmi" ni ìwé náà ń wí, èmi tí mo ń kà á ni Ìyá Àgbà kọjú sí. Bí mo bá kà pé, "Mo ṣí àpótí aṣọ mi, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n," á na ìka sí mi: "Kí ló mú ọwọ́ rẹ gbọ̀n? Ọma yìí, sọ òtítọ́!" Ìlàjẹ pọ́nńbélé ni Ìyá Àgbà ń sọ, "ọma" ni ọmọ lẹ́nu rẹ̀, "ùwé" ni ìwé, kò sì gbà láé pé ẹni tó wà nínú ùwé kì í gbọ́ ohun tí a bá sọ fún un. Mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi kọ́, Àbẹ̀kẹ́ ni." Ó ní, "Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀? Àbẹ̀kẹ́ náà ni mo ń bá wí. Ìwọ ṣáà jókòó dáadáa kó gbọ́." Báyìí ni mo ṣe ń jẹ ìbáwí obìnrin tí n kò mọ̀ rí, lọ́sàn-án lọ́sàn-án, fún ọ̀sẹ̀ méje, mo sì ń gbádùn rẹ̀ dọ́ba.

Kò pẹ́ tí òkìkí ìwé náà fi kàn. Ìyá Rábì, obìnrin Mùsùlùmí tó ń fi ọkọ̀ ta iyọ̀, ọṣẹ àti ìṣáná káàkiri odò, á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ilé wa lọ́sàn-án, á kírun lórí pákó wa, á sì jókòó tì wá. Òun ló dá ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ tí mo ka ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ létí omi, ó gbé orí sókè.

"Ṣé wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni?"

Mo tún ibẹ̀ wò. "Wọn ò so ó. Ó kàn wà létí omi ni."

"Látìrọ̀lẹ́ àná?"

"Látìrọ̀lẹ́ àná."

Ilé hó gèè. Bàbá, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin, fi àwọ̀n sílẹ̀. "Ọkọ̀ tí wọn ò so, látìrọ̀lẹ́ dàárọ̀? Omi á ti kún, omi á ti fà. Ọkọ̀ yẹn á ti dé ojú òkun kí àkùkọ tó kọ." Màámi ní, "Ẹnì kan ló gbé e padà wá." Ìyá Rábì nu ẹnu rẹ̀ bí adájọ́. "Aṣọ ta ló tutù?" Ó parí. Láti ọjọ́ náà ni Àbẹ̀kẹ́ ti di àpànìyàn nílé wa, tí a kàn ń dúró de ìwé kó wá jẹ́wọ́ ohun tí a ti mọ̀. Orúkọ rẹ̀ di ẹ̀fẹ̀. Ilé orí omi lèyí o, kò sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í tutù, ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn bọ̀ báyìí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọkọ dà?" Wọ́n sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà pàápàá. Nígbà tí Ìyàwó sì gbé abọ́ gòkè láti ibi tó ti ń fọ̀ ọ́, tí ìdí aṣọ rẹ̀ ń kán tó-tó, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pariwo pé, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́ má pa mí o!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì padà sídìí ẹní rẹ̀.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó fojú ara mi rí adágún omi. Wọ́n mú mi dé ibẹ̀ ní ìlú òkè kan, ọkọ̀ kékeré kan sì wà létí rẹ̀ tí wọn ò so mọ́ nǹkan kan. Mo dúró, mo ń wò ó, mo ń retí kó lọ. Kò lọ. Mo bi apẹja ibẹ̀ pé nígbà wo ni omi máa ń fà, ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Omi tí kì í kún tí kì í fà! Ẹni tó kọ ìwé náà mọ omi tirẹ̀. Àwa mọ tiwa, a sì rò pé gbogbo omi ayé ló ń mí bíi tiwa. Mo bú sẹ́rìn-ín létí adágún náà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó jókòó sídìí ẹní tó ń gbọ́ gbogbo ẹjọ́ tí a dá yẹn, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi. Ojú tì mí gan-an ni.

Ọjọ́rú ló yẹ kí n ka ìparí. Ìyá Rábì ti wá jókòó láti ọwọ́ ọ̀sán, ó tilẹ̀ mú ẹ̀pà dání. Mo tú ìborùn tí mo fi wé ìwé náà, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ewé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Wọn ò ya á jákujàku. Wọ́n rọra yọ ọ́ ni, bí ẹni yọ egungun lára ẹja. Mo ké. Màámi sáré láti ìdí ààrò, ó rò pé ejò ni. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló kó o?" gbogbo ilé sì búra, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń sìn. Ìyá Rábì jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán, ó ní ayé bàjẹ́, ó tú ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni Tíṣà ń retí ìwé rẹ̀. Mo rí ara mi létí òkun lọ́dọ̀ àbúrò Màámi, mo ń ka sáwá sínú agbọ̀n títí màá fi darúgbó, n kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Fún ẹni tó bá mọ̀ mí, ó yẹ kí èyí fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi hàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo di ọlọ́pàá. Àbẹ̀kẹ́ fura sí ara rẹ̀ nìkan. Èmi fura sí gbogbo ayé àyàfi ara mi. Búrọ̀dá Ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí pé ó máa ń fi ìwé wé tábà. Mo tú àpò rẹ̀, mo ń gbóòórùn eérú rẹ̀, ó sì ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ mu tábà kí n sọ. Mo wa ọkọ̀ lọ bá Ìyá Rábì, mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé tó fi ń di iyọ̀. Ó tú ìdì mẹ́ta fún mi pẹ̀lú sùúrù, ìwé ìròyìn Èkó tó ti gbó ni. Nígbà tí Ìyá Àgbà lọ kí aládùúgbò, mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè. Mo bá ṣúgà tó sọ pé èèrà ti jẹ tán láti oṣù tó kọjá, mo bá ẹran gbígbẹ, n kò bá ewé ìwé. Mo jẹ ṣúgà kan nítorí ìbànújẹ́.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń kó ẹní lọ sọ́jà. Ìyá Àgbà, Màámi àti àwọn ọkùnrin ló jọ lọ. Ìyàwó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí n dúró ti òun. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, mo gbọ́ tí Màámi ń sọ pé ó ya òun lẹ́nu, ẹní kan ṣoṣo ni Ìyàwó mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó máa ń hun mẹ́ta. Wọ́n lọ tán. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń gbá gbọ̀ngàn, mo sì rí i pé kò sí ohun tí mo ní láti fò kọjá. Ẹní Ìyàwó wà ní kọ̀rọ̀, ní kíká. Mo sún mọ́ ọn. Wọn ò tíì de etí rẹ̀. Koríko rẹ̀ ti ń tú, méjì mẹ́ta ti ṣẹ́. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí ẹní nílé wa ló ká ẹní tí kò tíì tán. Bí mo ti nawọ́ sí i ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé. Ẹ fi sílẹ̀."

N kò fi í sílẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, ẹ̀yin ni?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ẹní náà, ó mú ewé mẹ́ta náà jáde láàárín rẹ̀, wọ́n pé, wọn ò tilẹ̀ rún. Mo ní, "Ẹ fún mi. Tíṣà á lé mi. Wọn ò ní mú mi lọ sí Igbókòdá." Mo ti ń sunkún. Ó lọ jókòó síbi tí àlàfo wà láàárín pákó méjì, níbi tí a ti ń da omi ìdọ̀tí, omi sì ń yára kọjá lábẹ́ rẹ̀ torí pé ó ń fà lọ́wọ́. Ó na ewé náà sórí àlàfo yẹn.

"Ó pa á àbí kò pa á?"

"Mi ò tíì kà á débẹ̀."

"Ẹ kà á báyìí. Ẹ wá síbí, ẹ kà á lọ́wọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ òun ló pa á, màá jẹ́ kó bómi lọ. Wọn ò ní fi í rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí." Ọ̀rọ̀ tó sọ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ju èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ewé kìn-ín-ní sókè sí mi, mo kà á. Ó gbé èkejì, mo kà á. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n lọ. Adájọ́ sọ̀rọ̀, ó ní kò sí ẹ̀rí, kí Àbẹ̀kẹ́ máa lọ sílé. Ó dé ilé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọkọ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ewé kẹta, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Bóyá èmi ni. Bóyá èmi kọ́. Ẹ má bi mí mọ́." Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Ìwé tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méje kà!

Mo kà á dé "Bóyá èmi kọ́," mo sì rí i tí ọwọ́ Ìyàwó tú díẹ̀ lára ìwé náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ dé ọkàn mi. Igbókòdá ni. Mo rí ilé ìwé mi tó ń bá omi lọ lábẹ́ pákó, mo sì sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe èmi. Èmi kọ́ ni mo pa ọkọ mi." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ìwé kíkà, bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ó kó ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi lọ sókun, ó ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi. Ó dà á sómi. Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ o, kí òkun lọ fún un ní ọbẹ̀ tó níyọ̀ níwọ̀n." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un gbẹ̀yìn nìyẹn, Akọ̀wé. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń ka ìwé, n kò mọ ohun tí à ń sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún. Mo mú ìgbálẹ̀ mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti tẹ́ ẹní náà sílẹ̀, ó ń wá koríko tí yóò fi dí ojú èyí tó ṣẹ́.

Mo po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ omi gbígbóná, mo fi lẹ ewé mẹ́ta náà mọ́ ìdí wọn. Mo sọ fún ará ilé pé mo rí wọn lára ẹní, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́. Ní Àbámẹ́ta, mo ka ìparí náà fún wọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á fún Ìyàwó, pẹ̀lú ohun tí mo fi kún un. Ìyá Rábì ló kọ́kọ́ lọgun: "Ta ló wá gbé ọkọ̀ padà?" Mo ní ìwé ò sọ. Bàbá ní irú ìwé wo nìyẹn, pé omi ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ọma mi Àbẹ̀kẹ́, má bínú. Ẹnu wa ló yá ju ẹsẹ̀ wa lọ." Ó sì bẹ̀ mí tọkàntọkàn, àgbàlagbà arúgbó. Ìyàwó wà nídìí ẹní, kò gbé ojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Nígbà tí mo gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ́jọ́ Ajé, ojú ẹsẹ̀ ló rí ibi tí mo lẹ̀. "Ta ló ya á?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó ka ewé náà, wọ́n pé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló pa olówó kòkó?" Mo ní, "Ìwé ò sọ, sà. Àbẹ̀kẹ́ pàápàá ò mọ̀." Ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun ti yá ìwé yẹn, èmi nìkan ni kò wá purọ́ fún òun. Mo wolẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ilé ìwé méjì di Tíṣà lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn ilé wa, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ní òun wá rí bàbá mi.

Mo kàwé, mo di tíṣà fúnra mi, mo lọ́kọ lókè. Bí mo bá wálé, n kì í tíì gbé ẹrù sílẹ̀ tí Ìyàwó á fi ní, "Akọ̀wé mi, ẹ sọ ìparí ìwé yẹn fún mi." Ó ti di ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, ẹnu rẹ̀ ti là, ó lè bá Ìyá Rábì ná ọjà títí tí ìyẹn á fi sunkún, ṣùgbọ́n orúkọ tí à ń pè é náà là ń pè é. Màá sọ ọ́: adájọ́, bẹ́ǹṣì, "Kì í ṣe èmi." N kò ṣì í sọ rí. Mo ka ọ̀pọ̀ ìwé láyé mi, kò sí èyí tí mo há sórí tó èyí tí wọn ò kọ.

Ìgbà tí mo lọ kí i gbẹ̀yìn, orí àìsàn ló wà. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fò kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè, mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn kún un, Akọ̀wé."

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ kà á náà ni. Èmi kọ́ ni mo gbé ìwé dání? Ojú yín ti kúrò lára rẹ̀, ojú mi lẹ̀ ń wò." Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. "Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo ṣáà fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí ni. Ẹ tún un sọ."

Mo lé àwọn ọmọ jáde. Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ni mo wí.